Àpáàdì Iná Ìyá Ọdẹ́rìnlọ

Ẹ súnmọ́ ìdí igi níbí. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wú u báyìí. Ẹni tó gbé nǹkan kaná nílé, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí bí ìtàn yìí bá gbéra, kì í dúró de ẹni tó lọ wo ọbẹ̀. Mo rí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń wojú ara yín pé kí ni ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún ọwọ́ fẹ́ sọ. Ẹ lọ bi àwọn ẹran inú igbó bóyá ọmọdé ni mí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sín nínú igbó, ẹkùn mẹ́ta ló di ẹrù wọn tí wọ́n kó lọ sí ìlú òdìkejì. Ọ̀kan nínú wọn ò tíì bọ̀ dòní. Ẹ má bínú, ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Bàbá tó bí bàbá mi, Ọdẹ́rìnlọ ọdẹ, tó bá yìnbọn nígbà ayé rẹ̀, ẹran tí ọta ò bà gan-an á ṣubú nítorí ìtìjú. Èmi ò parọ́ o, iyọ̀ ni mo ń fi sí i.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni mo gbé wá, nípa ìgbà tó wọ ìlú àwọn iwin lọ, tó lọ wá àdúgbò tí ìyá rẹ̀ máa gbé.

Ìdí-Ìyeyè ni wọ́n ń pe ìlú wọn. Háà! Ìlú kan wà láyé rí. Igi ìyeyè ńlá ló wà láàárín rẹ̀, tí èso rẹ̀ bá ti pọ́n, òórùn rẹ̀ á wọ gbogbo ojúlé láìkan ilẹ̀kùn. Ilé kan fèjìká ti ilé kejì bí ọmọ ìyá tó ń wòran. Ẹni tó bá sín nísàlẹ̀ ìlú, ẹni tó wà lókè á ti dáhùn pé, "Pẹ̀lẹ́ o." Kì í ṣe gbogbo ilé ni iná ń jó mọ́jú nígbà náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú, á gbé àpáàdì, á lọ bu ẹyín iná nílé ẹni tí tirẹ̀ ṣì ń jó. Bí oòrùn bá ti ń yọjú, Àwẹ̀ró, ìyá Ọdẹ́rìnlọ, á gbé àpáàdì tirẹ̀, àfọ́kù ìkòkò kan tó ti dú bí ìdí ìkòkò baba ńlá rẹ̀, á bọ́ síta. Ọdẹ́rìnlọ, ọmọdé nígbà náà, á jókòó ti ààrò tútù, ebi á máa fọ́n fèrè nínú rẹ̀, á máa wọ̀nà. Ohùn ìyá rẹ̀ á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, á jìnnà, á súnmọ́, á tún jìnnà. Ìgbálẹ̀ á máa dún ṣàà, ṣàà. Títí ọkùnrin yìí fi hu ewú, tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú igbó tó ń ṣọ́ ẹran, ohùn yẹn ló máa ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n odò kan wà lẹ́bàá ìlú náà, Ọ̀kánjúwà lorúkọ rẹ̀, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà dáadáa. Ó jẹ oko, ó jẹ ọ̀nà odò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé. Àwọn ará ìlú kẹ́rù lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọ́n ká bí ẹyẹ tí wọ́n sọ̀kò sí. Ó wá ku ilé Àwẹ̀ró nìkan. Omi ti dé ìdí igi ìyeyè.

Ọdẹ́rìnlọ dọ̀bálẹ̀. "Ìyáà mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Lọ síbo?"

"Ibikíbi. Ẹ ò rí odò ni?"

"Mo rí i. Mo kí i láàárọ̀ yìí, kò dáhùn. Aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Ìyáà mi, ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́."

"Èmi náà ò ṣàwàdà, Àlàmú." Oríkì rẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń rọ̀ tó bá ti gbọ́ ọ. "Ẹsẹ̀ mi ò yá bíi tàná mọ́, ṣùgbọ́n òun ni mo ní. Tí o bá gbé mi lọ síbi tí mi ò ti lè fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan, kí ni mo lọ ṣe níbẹ̀? Kí n máa jókòó sójú kan bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí oríta? Odò yìí sàn jùyẹn lọ. Òun á pa mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ó wá gbé àpáàdì lé e lọ́wọ́. "Wọ́n ní ìlú ńlá kan wà lẹ́yìn Igbó Àṣìnà, níbi tí èèyàn àti iwin jọ ń gbé. Lọ wá àdúgbò fún mi níbẹ̀. Èyí tó bá wù ọ́, bu iná lójúlé kan níbẹ̀, kí o rìn ín dé ilé tí o fẹ́ kí n máa gbé. Àpáàdì á sọ fún ọ bóyá ibẹ̀ dára."

"Kí ló máa sọ?"

"Èmi ni àpáàdì ni? Yáa máa lọ. Tí o bá dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wàá bá mi. Tí òjò bá ṣáájú rẹ, má wulẹ̀ wá mi."

Ni Ọdẹ́rìnlọ bá wọ Igbó Àṣìnà. Tí mo bá ní kí n máa sọ gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí níbẹ̀, àwọn ọmọ yín tí ẹ tẹ́ sórí ẹní nílé á ti gbéyàwó kí n tó dákẹ́. Ẹ jẹ́ n mú ọ̀kan. Láàárín igbó, ó pàdé iwin kan tó ń jẹ́ Ẹnu-Orókún. Ojú rẹ̀ ò lẹ́nu. Orókún rẹ̀ méjèèjì ló lẹ́nu, ẹnu ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹnu òsì á parí ẹ̀.

"Ta ló ń fẹsẹ̀ —" ni ọ̀tún wí.

"— rẹ́ ewé mi mọ́lẹ̀?" ni òsì wí.

"Èmi ni! Èmi Ọdẹ́rìnlọ, ọkọ ẹkùn!"

Ni wọ́n bá wọ̀yá ìjà. Wọ́n jà débi pé àwọn ìrókò dùbúlẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí ìran wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe sùn títí dòní. Nígbà tó rẹ àwọn méjèèjì, iwin ní òun á fi àlọ́ yanjú ẹ̀. "Kí ni a ń fún ará ilé kejì —"

"— tí tiwa kì í fi dín?"

Ọdẹ́rìnlọ wo àpáàdì ọwọ́ rẹ̀. "Iná ni. Bí o bù ú fún gbogbo ìlú, tìrẹ ṣì ń jó."

"Ó gbà á!" ni ẹnu ọ̀tún kígbe.

"Ìlàjì ló gbà," ni òsì dá a lóhùn. "Nǹkan méjì ni. Ìlàjì ìdáhùn, ìlàjì bàtà." Ni iwin bá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì Ọdẹ́rìnlọ, ó fi há abíyá. "Ọjọ́ tí o bá mọ ìlàjì kejì, wá gbà á."

Bí bàbá ńlá mi ṣe wọ ìlú ńlá nìyẹn o, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ìkejì lásán, tó ń rìn bí adìẹ tó tẹ ẹyín iná mọ́lẹ̀.

Àdúgbò tó kọ́kọ́ yà ni Ọ̀nà-Jìn. Ibẹ̀ lẹ́wà! Ilé funfun, òdòdó lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n láti ilé kan dé ìkejì, ẹyẹ á sinmi lójú ọ̀nà kó tó dé ibẹ̀. Kò sí igi, kò sí ibòòji, kò sí ojú ọ̀nà tí wọ́n là fún ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ò tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ wọn ti yí di táyà láti ayé àwọn baba wọn, wọ́n kàn ń yí gbirigbiri kọjá ni. Ọ̀kan dúró, ó ń wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ, kí ni nǹkan méjì tó wà lábẹ́ rẹ yìí?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ẹsẹ̀! Bàbá bàbá mi ní irú ẹ̀ rí. Wọ́n fi sin ín." Ó pe èkejì rẹ̀. "Wá wò ó, ó ń rìn! Ṣé wọ́n ń lé e ni àbí ó jí nǹkan?"

Ọdẹ́rìnlọ rí iná bù, wọ́n fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó gbé e, ó rìn. Oòrùn ń pa á lórí, ilẹ̀ ń jó ẹsẹ̀ òsì. Kó tó rí ilé kejì lókèèrè, iná ti di èédú. Ó ro ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ọ̀pá, láàárín ilé àti ilé, láìsí ibi tó lè fìdí lé. Ó yí padà.

Ó wá yà sí àdúgbò kejì, Má-Tíì-Lọ. Àwọn ilé ibẹ̀ ò ga, ọ̀dà ara wọn ti ṣí. Ṣùgbọ́n wọ́n súnmọ́ra, igi wà, wọ́n sì fi amọ̀ mọ pèpéle sí iwájú ilé kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí. Ìyá kan tó ní orí méjì ń gbálẹ̀. Orí kìíní ń kí èèyàn, orí kejì ń bèèrè ará ilé.

"Ẹ kú ìrìn o, ọdẹ!"

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ẹ dákun, ẹ bù mí níná."

"Iná kì í ṣe nǹkan. Bàtà yín kan dà?"

"Iwin ló gbà á."

"Yéè! Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Iwin wo? Ṣé Ẹnu-Orókún ni?"

"Jẹ́ kí ọkùnrin ṣàlàyé," ni orí kejì wí. "Ìwọ náà kì í jẹ́ kí àlejò mí."

"Èmi? Ta ló bi í léèrè ìyá rẹ̀ kó tó dúró?"

Orí méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ko ara wọn, Ọdẹ́rìnlọ ní láti là wọ́n níjà. Kó tó gbéra, iná ti rọ. Ó tún bu òmíràn. Ó rin ilé díẹ̀, ni bàbá kan tí etí rẹ̀ tó ewé kókò bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti inú yàrá. Bàbá Elétí jáde sórí pèpéle. "Ẹsẹ̀ kan dún bí bàtà, ìkejì dún bí ìyà. Kí ló dé, ọmọ mi? Wá jẹṣu." Ó kọ̀ jálẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ jálẹ̀. Ó jẹ ìbù kan. Iná kú. Ó padà lọ bu ẹ̀kẹta. Ẹni tó pa ẹ̀kẹta ni obìnrin kan tó ń bímọ lọ́wọ́, tó sì ní kí wọ́n sáà jẹ́ kí àlejò ọdẹ yìí kí òun kú ewu kó tó kọjá. Èédú ni iná yẹn náà dà.

Inú bí bàbá ńlá mi. Tí inú bá bí àwa ọmọ ilé wa, ata inú oko á máa tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó dúró láàárín ọ̀nà, ó lanu: "Ẹ̀yin aláròyé! Ẹ̀yin ẹnu-ò-sinmi! Ẹ ti pa iná ìyá mi! Ẹ̀yin gan-an ni ẹ ó máa bá ara yín sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi gbé yín mì!"

Gbogbo pèpéle dákẹ́. Ìyá Olórí-Méjì rọra sọ pé, "Ó dàbọ̀ o, ọdẹ." Orí kejì fi kún un pé, "Ẹ kí ìyá yín." Kò dá wọn lóhùn.

Àdúgbò kẹta ni Dákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀nà ibẹ̀ dán bí awẹ́ obì. Igi ń ṣíji bò ó, ilé súnmọ́ ilé, ẹni tó ń fi ìdí wọ́ gan-an lè rìn ín. Ṣùgbọ́n ògiri ga, ilẹ̀kùn tì, ihò kékeré kan ló wà lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́rìnlọ kanlẹ̀kùn.

"Ẹ kú ọ̀sán o."

Kẹ́kẹ́ pa.

"Ẹ bù mí níná, ẹ dákun."

Ẹ̀mú kan yọ láti inú ihò, ó fi ẹyín iná sórí àpáàdì, ó padà wọlé. Ó rìn. Kò sẹ́ni tó yọjú. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbọ́ bí iná ṣe ń mí lórí àpáàdì. Nígbà tó dé ilé òfìfo tó wà nípẹ̀kun ọ̀nà, iná náà ṣì pọ́n bí ojú ẹni tó ń wá ìjà. Ọdẹ́rìnlọ fò sókè. "Ó jó! Iná ìyá mi ò kú!"

Olórí àdúgbò sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. "O lè máa gbé ibẹ̀. Ṣáà má jẹ́ kí n mọ̀ pé o wà níbẹ̀."

Bàbá ńlá mi ò ro ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré gba inú Igbó Àṣìnà padà débi pé òjìji rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Nígbà tó dé Ìdí-Ìyeyè, ìkùukùu ti dú lókè, omi ti yí igi ìyeyè ká, Àwẹ̀ró sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń di èso ìyeyè díẹ̀ mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ìyáà mi! Mo ti rí i! Dákẹ́jẹ́ẹ́ lorúkọ ẹ̀. Iná jó délé, kò tiẹ̀ rẹ̀!"

"Ó ṣeun, ọmọ mi. Ta ló bù ú fún ọ?"

"Ọwọ́ kan ni."

"Ọwọ́ ta?"

Ọdẹ́rìnlọ yún orí. "Ọwọ́... ẹ̀mú ló mú dání."

"Ọwọ́ ẹlẹ́mú yẹn, ṣé ó bi ọ́ pé bàtà rẹ kan dà?"

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Rárá."

Àwẹ̀ró so etí ìró rẹ̀ pa. Omi ń dún. "Àlàmú, nígbà tí o wà ní kékeré tí o máa ń jókòó ti ààrò, tí mo bá dé, báwo ni iná mi ṣe máa ń rí?"

Ó la ẹnu láti sọ pé ó máa ń jó. Ni ó bá rí i. Ó rí ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ọ́, tó ń wọlé, tó wo àpáàdì, tó bá èédú dúdú níbẹ̀, tó bú sẹ́rìn-ín, tó ní, "Ó ti kú o! Jẹ́ n padà lọ bù ú," tó sì tún bọ́ síta. Lójoojúmọ́. Ebi ò jẹ́ kó bèèrè rí pé kí ló ń pa iná náà.

"Ó máa ń ti kú," ni ó wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Nínú gbogbo ibi tí o dé, ibo ni wọ́n ti pa iná mọ́ ọ lọ́wọ́?"

Ọdẹ́rìnlọ, ọkọ ẹkùn, jókòó sínú omi. "Má-Tíì-Lọ. Ìyáà mi, mo gbé. Mo bú wọn. Mo ní ilẹ̀ á gbé wọn mì."

"Ó tán?"

"Mo tún ní aláròyé ni wọ́n."

"Ṣé kì í ṣe òótọ́ ni?" Ìyá na ọwọ́ sí i. "Gbé mi. Ẹni tó bú aládùúgbò ló ń padà lọ bẹ aládùúgbò. Tí wọ́n bá lé wa, a ó mọ̀ pé wọ́n lé wa."

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ kán sí i léjìká bó ṣe pọ̀n ọ́n. Bí wọ́n ṣe gun òkè, wọ́n gbọ́ nǹkan kan tó ya lẹ́yìn. Ìyá náà ò wẹ̀yìn, ó kàn di etí ìró rẹ̀ tí ìyeyè wà mú. Igi ìyeyè ló wó yẹn. 

Láàárín Igbó Àṣìnà, Ẹnu-Orókún fò jáde. "Ta ló ń fẹsẹ̀ —"

"Sọ̀ mí kalẹ̀, Àlàmú," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ìyáà mi, iwin ni o!"

"Mo ní kí o sọ̀ mí kalẹ̀." Ó fara ti ọ̀pá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ara rẹ̀ ṣe gbà á. "Ẹ kú ìdúró o. Ẹ kú òjò. Iṣẹ́ ńlá ni, kéèyàn máa dá dúró síbi tó tutù báyìí. Ṣé orókún ò máa ń dùn yín?"

Iwin náà dúró gan-an. Ẹnu ọ̀tún gbìyànjú ọ̀rọ̀, kò jáde. Ẹnu òsì ló wá sọ pé, "Ó ń dùn wá, Màmá. Kò sẹ́ni tó bèèrè rí." Ni omi bá ń jáde lẹ́nu orókún méjèèjì, torí ibẹ̀ ni ẹkún rẹ̀ ń gbà. Ó yọ bàtà lábíyá, ó fi lélẹ̀ níwájú Ọdẹ́rìnlọ.

"Mi ò tíì dáhùn," ni Ọdẹ́rìnlọ wí.

"Ìyá rẹ ti dáhùn," ni ẹnu ọ̀tún wí. "Ó kí mi —"

"— tirẹ̀ ò sì dín."

Nígbà tí wọ́n dé Má-Tíì-Lọ, òjò ti dá, gbogbo èèyàn wà lórí pèpéle. Wọ́n rí i. Wọ́n dákẹ́. Ọdẹ́rìnlọ sọ ìyá rẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Òun tí ẹnu rẹ̀ ń dá ẹkùn dúró!

Ìyá Olórí-Méjì dìde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Àwa aláròyé rèé o," ni orí kìíní wí.

"Ilẹ̀ ò tíì gbé wa mì," ni orí kejì wí. "A ṣì ń retí ẹ̀." Ó wá rí arúgbó. "Ṣé ìyá tí a ní kó kí rèé? Ṣé ó kí yín?"

"Kò kí mi," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ẹ kú ojú lọ́nà."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Bàbá Elétí fọwọ́ gbọ́n pèpéle rẹ̀ nù. "Ẹsẹ̀ méjèèjì ti dún bí bàtà báyìí. Dìde, ọmọ mi, ẹrẹ̀ ń bà ọ́ láṣọ jẹ́. Màmá, ẹ wá jókòó."

Wọ́n fún wọn nílé kan níbẹ̀, tí ògiri rẹ̀ kan ti ya díẹ̀. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, bí oòrùn ṣe ń yọjú, Àwẹ̀ró gbé àpáàdì rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó bọ́ síta. Ọdẹ́rìnlọ ní òun á bá a lọ. Ó ní, "Jókòó síbẹ̀." Ó jókòó ti ààrò tútù. Ebi ń fọ́n fèrè nínú rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ń dún níta, ṣàà, ṣàà. Ohùn ìyá rẹ̀ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó jìnnà, ó súnmọ́, ó tún jìnnà. Oòrùn gòkè. Ọdẹ tó ti hu ewú yìí ò kúrò lójú kan.

Nígbà tó pẹ́, ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó náà wọlé pẹ̀lú iṣu sísun kan lábẹ́ apá, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo àpáàdì. Èédú ni.

"Ó ti kú o, Àlàmú," ni ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Jẹ́ n padà lọ bù ú."

Ọdẹ́rìnlọ fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní èéfín ni. Nínú ilé tí iná ò sí!

Ìyeyè tí ìyá náà dì mọ́ etí ìró, ó gbìn ín síwájú ilé. Igi rẹ̀ ni gbogbo yín fẹ̀yìn tì yìí. Ẹ̀yin tí orí yín kejì ń sùn, ẹ jí i, ìtàn ti délé. Ẹnu mi ti gbẹ, ẹnì kan máa lọ bu iná ká fi sun àgbàdo. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má tíì lọ.